Eyín Béárì Gíláàsì

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí eyín béárì yìí yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi pátápátá. Gíláàsì ni mo fi ń ṣe é: orí ràgàjì, etí roboto, ojú ràbàtà bíi ti inú kàtúùnù, àfi bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ ó sì rí àwọn ilé kéékèèké tó ti gbé mì níbẹ̀. Èyí tó ní ilẹ̀kùn pupa ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi gíláàsì ṣọnà níbí, ní ìlú Tacoma, l'Amẹ́ríkà.

Ọ̀gbẹ́ni Hauck, onílé wa, ni béárì náà. Ó ń wó ilé àdúgbò kiri kó lè kọ́ ilé àwọn olówó síbẹ̀, tiwa ló sì kàn. Mo fẹ́ kó wá rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà wa, kí ojú tì í, kó fi wá sílẹ̀.

Lorna tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wo béárì náà títí. "Dagny, eléyìí wu èèyàn í gbé mọ́ra o. Ṣé ó fẹ́ jẹ wá ni, àbí ó fẹ́ sùn tì wá?"

"Dákẹ́ jàre! Bí mo bá ti dá a padà sínú iná báyìí, eyín rẹ̀ á tún di roboto."

"Jẹ́ kó tutù tán ná, kí o wá fi ẹ̀rọ lọ eyín ọ̀hún."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín náà mú bí abẹ.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Hauck wọlé, ó rí béárì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi rèé! Ikùn mi gan-an nìyí! Dagny, o mọṣẹ́ o!"

Ó na ìka sí eyín náà, eyín gé e níka, ẹ̀jẹ̀ yọ. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Àmọ́ ẹ̀rín lọkùnrin náà tún ń rín.

"Iwájú ilé tuntun ni màá gbé e sí. Ṣùgbọ́n bá mi lọ eyín yìí kó kújú, nítorí àwọn ọmọdé."

Inú bí mi. "Ọ̀gbẹ́ni Hauck, ṣé ẹ rí ohun tó wà níkùn rẹ̀ ṣá?"

"Ṣé ojú ń dùn mí ni?" Ó fi ìka ẹlẹ́jẹ̀ kan ikùn béárì, níbi ilẹ̀kùn pupa. "Ṣọ́ọ̀bù yín rèé. Jẹ́ kí ikùn yẹn tóbi sí i, ilé ṣì ń bọ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín wáìnì.

"Ó mà yé e o," Lorna wí.

"Ó yé e. Kò kàn dùn ún ni."

Mo mú àkísà, mo nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ilẹ̀kùn wa.