Ọjọ́ Àáró Jẹ́ẹ́dé

Bí ó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò, Jẹ́ẹ́dé ì bá ti sọ Ràmọ́nì di kánsẹ́lọ̀ kí ọjọ́ ìbò ọdún 1976 tó pé rárá. Olùkọ́ ni Ràmọ́nì, òun ló sì fi kẹ̀kẹ́ wá a lọ sí Tẹ̀dé, tó ní kó jáde dupò. Òun ló ń pariwo jù ní gbogbo ìpàdé: “Ẹ tú yááyáá jáde o! Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé!” Ohun tó sì ń wá kò pọ̀. Afárá ni, lórí odò tó dábùú ọ̀nà láàrin abúlé wọn, Ìdí-Ẹmì, àti Tẹ̀dé. Bí òjò bá ti mú odò yẹn kún, iṣu a jẹrà sílé, aláìsàn a sì máa dúró de ìgbà tí omi bá fà. Mọ́ládé, ọmọbìnrin Jẹ́ẹ́dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ní abúlé náà ni, òdìkejì odò sì ni ilé ìgbẹ̀bí wà.

Ràmọ́nì búra pé afárá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ òun. Bàṣírù tí wọ́n jọ ń dupò, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé Ṣakí, kò búra nǹkan kan. Iyọ̀ ló ń pín ní tirẹ̀.

Ọ̀ràn wá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ìbò bọ́ sí ọjọ́ tí àáró kan oko Jẹ́ẹ́dé. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n jọ ń ṣe àáró náà, tí wọ́n ń kọ ebè kiri láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì. Wọn kì í fo ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í yí ọjọ́ padà àfi bí olóko bá fọwọ́ sí i. Abíọ́nà, tó kéré jù láàrin wọn, lọ bá a nílé.

“Bàbá Mọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún àáró yín síwájú. Ọjọ́ ìbò mà ni.”

“Ká sún un dìgbà wo? Dìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tán, tó le bí àpáta? Nígbà tó kan oko tìrẹ, ǹjẹ́ mo ní mò ń lọ síbì kankan?”

“Ràmọ́nì wá ńkọ́?”

“Gbogbo ayé ló ń dìbò fún Ràmọ́nì! Ta ni yóò mọ̀ pé àtàǹpàkò mọ́kànlá dín níbẹ̀?”

Abíọ́nà yí padà, ó lọ sílé. Ẹni tó bá já àáró sílẹ̀, òun nìkan ni yóò máa kọ ebè rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìjọba ológun gbà kí mẹ̀kúnnù yan aṣojú, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tó fẹ́ràn Ràmọ́nì jù láyé fi ọkọ́ ṣe ìfẹ́ náà. Igba ebè ni ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ. Ẹgbọ̀kànlá ebè lóòjọ́! Inú Jẹ́ẹ́dé dùn bí ẹni tí wọ́n dìbò fún. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe tán, àwọn á sáré lọ tẹ̀ka. Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n sì sáré lóòótọ́. Wọ́n bá akọ̀wé ìbò níbi tó ti ń so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó kí wọn, ó ní ẹ kú iṣẹ́ oko.

Ìbò mẹ́jọ ni Bàṣírù fi borí.

Jẹ́ẹ́dé ní màgòmágó ni. Odindi oṣù kan ló fi ń bú àwọn ará abúlé pé wọn kò fẹ́ ìlọsíwájú. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo lòun wà, nítorí àwọn tí ìbá bi í, wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni.

Ká má parọ́ mọ́ Bàṣírù, ó ṣe afárá. Afárá gidi, oní-sìmẹ́ńtì. Ọ̀nà oko gẹdú tirẹ̀ ló kàn ṣe é sí, máìlì mẹ́rin sí Ìdí-Ẹmì, kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà rì sẹ́rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì, tí odò kún dẹ́nu, Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ sì dábùú. Àwọn alááró gbé e lé orí ìlẹ̀kùn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń rìn, títí wọ́n fi gba orí afárá Bàṣírù kọjá. Kí wọ́n tó dé ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ ti kú. Agbára káká ni Mọ́ládé fi yè é. Jẹ́ẹ́dé sunkún lójú gbogbo èèyàn, kò sì bìkítà.

Ọjọ́ kẹjọ, Kánsẹ́lọ̀ Bàṣírù fúnra rẹ̀ wá kí wọn, ó gbé àpò iyọ̀ kan dání.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. N ò ní í gbàgbé yín láyé. Wọ́n ròyìn fún mi pé, bí kì í bá ṣe àáró yín lọ́jọ́ ìbò, mo ti fìdí rẹmi.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ọpẹ́ àtọkànwá ló ń dá. Nígbà tó lọ tán, Mọ́ládé, tó fẹ̀yìn ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pe bàbá rẹ̀.

“Ìbò mélòó ni wọ́n fi borí Ràmọ́nì?”

“Mẹ́jọ.”

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lóko lọ́jọ́ náà?”

Jẹ́ẹ́dé wo ìyá Mọ́ládé, ìyá Mọ́ládé kò gbà á sílẹ̀.

“Mọ́kànlá ni wá, ọmọ mi.”