Orúkọ Ksawery Lára Pápá Wa

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni Ksawery Drzazga fi gbá bọ́ọ̀lù fún Póláǹdì, ṣùgbọ́n ó ti fi ogún ọdún ròyìn rẹ̀ fún wa. Nígbà tí a tún pápá abúlé wa ṣe, ó lọ bá Ìyá Zenobia, olórí abúlé, pé kí wọ́n fi orúkọ òun pè é.

Ìyá ń to kùkúńbà sínú omi iyọ̀. "Ksawery, òkú nìkan là ń fún nírú ẹ̀ níbí. Àbí o ní ìrìn àjò kan lọ́kàn tá ò gbọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi le."

"Ó dáa, a máa dúró dè ọ́. Kò sí ìkánjú."

Ksawery ronú títí. Ó wá rántí pé bàbá òun ti kú, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́.

"Ẹ fi ti bàbá mi pè é nígbà náà," ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́.

Ìyá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣí aṣọ lójú pátákó: "Pápá Ksawery Drzazga, ẹni tó fi ogójì ọdún gé koríko ibí yìí." Ksawery ò retí ìdajì kejì yẹn.

Aṣọ́lé ẹgbẹ́ àlejò tó wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù ń ka pátákó náà lọ́wọ́ nígbà tí Ksawery na ọwọ́ sí i, tó dárúkọ ara rẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin gan-an nìyí? Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Koríko yìí mà dáa o!"

Ksawery wo gbogbo wa tá a ń tẹ́tí sílẹ̀.

"À ń gbìyànjú," ló wí.