Bíréèkì Tó Ń Mú Kí Wọ́n Tó Tẹ̀ Ẹ́

"Lọ́jọ́ tí mo tún bíréèkì ọkọ̀ òfuurufú ṣe," ni Surajudeen wí, "ojú ọ̀run ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wò. Ó dúró gbagidi! Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n tọ̀, wọ́n padà wọlé, ọkọ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ."

A bú sẹ́rìn-ín. Àwa tá a wà ní ọgbà mẹkáníìkì yìí lẹ́yìn Ring Road ti gbọ́ ju ìyẹn lọ. Èmi Mánsúrù tí mo ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí n bá kọ gbogbo irọ́ rẹ̀ tí mo ti gbọ́ sínú ìwé, ìwé náà á gùn dé Ṣakí, á sì tún ṣẹ́kù èyí tí wọ́n á fi wé àkàrà.

Àmọ́ Bàbá Ìrẹ̀mídé tó dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ará Ṣakí, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì fi ń jẹun. Ọkọ̀ náà ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ń kọjá ní Òkè-Àdó, àwọn ilé alájà méjì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Tẹ́lẹ̀, kí bíréèkì rẹ̀ tó mú, ẹsẹ̀ méjèèjì àti odidi Sáàmù kan ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi gbé e wá fún Surajudeen lọ́jọ́ Ajé pé kó bá òun so bọ́sítà mọ́ ọn, agolo ńlá tó máa ń ran ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ́wọ́.

Ó ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó ràn án lọ́wọ́ kọjá ààlà. Bàbá kó pákó ní Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan tí wọ́n ń kan òrùlé rẹ̀ ní Ṣálẹ́ǹjì. Nígbà tó dé Òkè-Àdó, bíréèkì mú, kò sì tú mọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rú èéfín. Wọ́n ní ìyá kan fa iṣu lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó sáré lọ sun ún ní táyà iwájú kó tó tutù. Bí Bàbá ṣe ń wọ́ ọkọ̀ náà bí ìgbín nìyẹn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

"Surajudeen, aago kan ti lù," ni Bàbá wí. "Bí pákó yìí ò bá dé Ṣálẹ́ǹjì kó tó di aago méjì, gbogbo ẹrù tí mo fẹ́ kó fún wọn lọ́dún yìí ti dọwọ́ ẹlòmíì. Wọ́n ti pe onítọ̀hún. Ó ti ń fọ ọkọ̀ rẹ̀."

Ṣálẹ́ǹjì ò sì jìnnà o. Téèyàn bá sín ní Ring Road, ará Ṣálẹ́ǹjì á ní "pẹ̀lẹ́."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Surajudeen wí. "Ẹ ò mọ oore tí mo ṣe yín ni. Bíréèkì àwọn aráyé, ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló ń mú. Tiyín ń ronú! Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ó ti mú."

"Ó ti mú, mo ti gbọ́. Ta ni yóò wá tú u?"

Surajudeen yí ohùn padà. "Ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ta lẹ jọ du pákó ní Bódìjà?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tú táyà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dè é padà. Ó ní ká da omi sí i. Ó ní kí Bàbá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó tutù, bíréèkì tú fúnra rẹ̀, Surajudeen pariwo pé, "Ẹ ò rí i!" Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó tún dì pa. Aago kan àbọ̀ ku díẹ̀.

Moróunkẹ́ ló wá dá sí i. Òun ló ń ta òróró bíréèkì lẹ́nu ọgbà wa, ṣùgbọ́n ó ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíréèkì fún ọdún mẹ́wàá kó tó wọ ìdí ọjà.

"Sùrájù, o ti tú táyà, o ti tú ètò Bàbá ká. Ó ku ibi tó yẹ kó o tú."

"Àǹtí, ẹ máa ta òróró yín o. Ọkọ̀ kì í ṣe ọbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ni, ìwọ ti jó o."

Moróunkẹ́ gba sípánà, ó dẹ nọ́ọ̀tì méjì tó so másítà, èyí tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí táyà, mọ́ bọ́sítà, ó fa másítà kúrò lára bọ́sítà díẹ̀. "Mánsúrù, yí táyà yẹn wò."

Ìka kan ni mo fi kàn án. Ó yí fììì, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà mi lọ sí Jẹ́ríkò.

"Irin kan ló wà láàárín méjèèjì tó ń ti másítà," ni Moróunkẹ́ wí. "Tó bá gùn jù, másítà ò ní lè padà sẹ́yìn tán. Òróró á há sínú páìpù, bíréèkì á sì máa mú lọ. Sùrájù, ṣé o fi nǹkan kún irin yìí?"

"Wàláì! Bó ṣe ti òkè òkun dé ni mo ṣe gbé e sí i! Àwọn ará Jámánì ló ṣe é gùn bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ti pè wọ́n lórí fóònù, mo kìlọ̀ fún wọn."

Luke tó ń jó irin ní òdìkejì ti wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọ̀kadà rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó na ọrùn wo bí Moróunkẹ́ ṣe ń yọ irin náà. Nǹkan kan wú lórí rẹ̀ bíi gẹ̀gẹ̀.

"Háà, iṣẹ́ ọwọ́ mi rè é! Surajudeen, mo sọ fún ọ lọ́jọ́ Túsìdeè pé orí bóòtù tó o ní kí n jó mọ́ ọn ti tóbi jù. Ìwọ lo ní irin tó bá gùn ni bíréèkì ń bẹ̀rù."

Gbogbo ọgbà kọjú sí Surajudeen. Kódà jẹnẹrétọ̀ Luke dákẹ́ láti gbọ́ èsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ló tán nínú ẹ̀.

"Mo... mo fẹ́ dán yín wò ni," ni Surajudeen wí. "Bóyá ẹ gbọ́ṣẹ́."

Bàbá ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Luke, jọ̀ọ́, gé e." Luke bu epo sí jẹnẹrétọ̀, ó gé e. Moróunkẹ́ wọn irin náà, ó dì í padà. Bàbá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Táyà ń yí. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lápá kejì.

"Wọlé, Surajudeen. Igba pákó ló wà lẹ́yìn. Ìwọ lo máa rù wọ́n sọ̀kalẹ̀. Tó o bá ṣe tán, wàá wá ṣàlàyé bíréèkì tó ń ronú fún wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn."

Surajudeen wo pákó. Ó wo Bàbá. Ó ní òun fẹ́ mú sípánà òun, ló bá fẹsẹ̀ fẹ, bàtà kan ló mú lọ. Títì Ṣálẹ́ǹjì ló sì forí lé, ọ̀nà kan náà tí Bàbá ń gbà. Nígbà tó wẹ̀yìn, tó rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré bọ̀, tí kò fẹ́ dúró, ó ṣe bí òun ni wọ́n ń lé. Ló bá figbe ta, ó fo gọ́tà, ó já sí ọgbà olọ́gbà, ajá ibẹ̀ sì gbà á lé lọ́wọ́ Bàbá.