Àpẹẹrẹ Láti Ẹnu Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ bàbá mi bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń yìn ín lọ́dọọdún ò bá a gbélé. Òun ló kọ́kọ́ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè wa. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ilé-ìwé, wọ́n wá ya irun sí i lórí. Irun wo? Orí bàbá mi ń dán bí àwo.

Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ omi. Tó bá ti tibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ló ń kó jọ. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá béèrè a kọ́kọ́ wẹ̀, a para, kó tó jáde. Á jókòó tì ọ́ títí wàá fi sọ ọ́ fúnra rẹ, á wá kọ ọ́ sórí káàdì pélébé: ọ̀rọ̀ náà lókè, gbólóhùn tó o fi gbé e jáde nísàlẹ̀, àti déètì. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Bàbá Káàdì. Káfíńtà ojúde wa tilẹ̀ máa ń panu mọ́ tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá mi ò lè panu mọ́ ní tiẹ̀. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ jọ ń sáré ni. Tó bá ń ròyìn oníbàárà tó jẹun sanra tán tó ní aṣọ òun ló súnkì, bàbá mi á máa mirí, á máa kọ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n káàdì ni bàbá mi ń wò. Inú ìyá mi ń dùn síbẹ̀. Ó rò pé ọkọ òun ń gbọ́ òun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá mi dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti wọlé, ó di odi. Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí káàdì ò pọ̀ sí i mọ́, ara rẹ̀ ò balẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, kí ni mo ṣe?"

Ìyá mi ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbé pẹ́ńsùlù yẹn sílẹ̀ ná."

Háà! Ẹ wá wo ojú bàbá mi, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ṣọ ní gbangba. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí," ìyá mi sọ. "Mo sọ fún yín nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún sọ nígbà tí mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà lélẹ̀ sùn mọ́. Ẹ mirí, ẹ kọ ọ́. Mo wá ń retí pé ẹ máa ní ká lọ sọ́sípítù."

"Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn," bàbá mi sọ.

"Ẹ gbọ́ kẹ̀," ìyá mi dáhùn, ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rù kí ìyá mi má kú ló ń bà mí. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, tẹ ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá mi tó ronú, bàbá mi ti dáhùn. Ó dárúkọ ọjọ́, ó dárúkọ oṣù, ó ní òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tún fi kún un pé, "Ó ní, 'Àbí kí ló ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí?' Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ìyẹn ti lé lọ́dún kan. Kí lẹ wá ṣe sí i?"

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi.

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni," ìyá mi sọ. Kò bínú. Bí ẹni tó ń gbèjà ọkọ rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. A sin ìyá mi kí ìwé náà tó jáde. Ẹ ṣí i sí "gún": gbólóhùn rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọléèwé ń kà á sókè, àwọn tíṣà ń sọ pé àpẹẹrẹ náà dáa. Ó dáa lóòótọ́. Mo bínú sí bàbá mi títí ó fi kú, inú ṣì ń bí mi.