Màmá Mi Gbé Oúnjẹ Wá Lórí Ọ̀kadà

Tóyìn, mo lálàá kan lóru àná. Mo ra ìrẹsì lórí fóònù, ọlọ́kadà sì gbé e dé. Bó ṣe ṣí akoto orí ẹ̀ báyìí, màmá mi ni! Èló lèèyàn ń fún ìyá ẹ̀ pé wọ́n gbé oúnjẹ wá? Mo na igba náírà sí wọn pé kí wọ́n fi ra epo. Wọn ò gbà á, wọ́n mú ẹran nínú báàgì, wọ́n fi lé ìrẹsì. Bí mo ṣe ń fowó kún un ni wọ́n ń fi ẹran kún un, títí ẹran fi ga dé àgbọ̀n mi. Mo bá jí.

Mo pè wọ́n láàárọ̀, mo rọ́ ọ fún wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé o jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Oúnjẹ tẹ́ ẹ gbé wá fúnra yín?"

"Mi ò kúrò nílé o. Mo ní, ṣé o jẹ ẹ́?"