Òkú Tó Padà Wá Mú Ṣòkòtò Rẹ̀

Mo lá àlá kan lánàá, ojú ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sún mọ́ bí, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yẹn kí Alàgbà má baà gbọ́. Ẹni tí ẹ̀rín bá pa, kó fi gèlè bo ẹnu. Ẹ mọ̀ mí. Mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ọmọ tó kọ orin ìdí létí mi tí kò jẹ pàṣán. Ìdí nìyẹn tí àlá yìí fi ń bí mi nínú, tó sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Baba Péjú, ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin Àkàndé àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú yẹn. Yóò jẹun, yóò dáni lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín? Rárá o. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan tó lọ sí ọjà Gbági, ló bá ra rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù kan wálé. Ó ní àwòrán ara páálí rẹ̀ ló wu òun: òyìnbó mẹ́rin, irun wọn dìde bí ogbe àkùkọ, ọ̀kan nínú wọn sì gun gòjé kan tó ga ju ènìyàn lọ bí ẹni gun ẹṣin. Péjú ọmọ wa sọ lórí fóònù pé saikobílì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, pé rọ́ọ̀kì àwọn tí orí wọn ò pé ni. Èmi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orin àkọ́kọ́ dá lórí òkú kan tó dìde nínú sàréè nítorí pé ó gbàgbé ṣòkòtò rẹ̀ sílé opó kan. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò, táì ọrùn rẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Jìtá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, gòjé ń dún gbì, gbì, gbì. Ẹ gbọ́ o, Baba Péjú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe parí, ó tún gbé e sí i.

Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọn yóò fi mí jẹ Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ wo ni òkú oníhòòhò yóò máa kọrin nínú pálọ̀ rẹ̀? Mo ní, "Baba Péjú, ẹ gbé ẹlẹ́gbin yìí kúrò nílé yìí kí Sọ́ńdè tó pé."

Kò bá mi jà. Ó ní, "Ó dáa, Àyọ̀ká." Ó ti rẹ́kọ́ọ̀dù náà bọ páálí rẹ̀, ó jókòó, ojú rẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo rí ojú yẹn, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo nà gbalaja sórí àga gígùn ní pálọ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Bí mo ṣe sùn báyìí, mo bá ara mi lórí àtẹ̀gùn, mò ń gòkè. Lókè lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ ìjọba kan léfòó sójú sánmà, lókè òrùlé gbọ̀ngàn Mápó. Wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ẹnì kan sì ti sá yẹ̀rì sórí okùn náà. Kò yà mí lẹ́nu. Bóyá bàtà mi mọ́ ni mo ń rò. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ilé náà pé: ILÉEṢẸ́ TÓ Ń DÁÀBÒ BO ETÍ ỌMỌLÚÀBÍ. Ẹ FỌ ẸNU KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ. Omi wà nínú garawa. Mo fọ ẹnu, mo wọlé.

Àwọn akọ̀wé jókòó lọ rẹrẹ, oníkálukú ń fi ìkarahun ìgbín mu ẹ̀kọ tútù. Alága wọn wọ kóòtù, irùngbọ̀n rẹ̀ mú ṣóńṣó. Rẹ́kọ́ọ̀dù Baba Péjú wà lórí tábìlì rẹ̀, kúlà oúnjẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alága ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ káàbọ̀. A dúpẹ́ pé ẹ fi ẹjọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yìí sùn. A fẹ́ yọ́ ọ báyìí, kí a fi rọ póò fún àwọn ọmọdé."

Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Kí ló wà nínú kúlà yẹn?"

"Ẹ̀rín ọkọ yín ni. Ojú ìlà rẹ́kọ́ọ̀dù la ti bá a. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé yà. Tí a bá yọ́ ọ̀kan, èkejì á bá a lọ."

Mo ṣí kúlà náà díẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀rín Baba Péjú wà níbẹ̀, ó ká jọ sí ìsàlẹ̀, kò ju ìlàjì lọ mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Hẹ̀," ó dákẹ́. Ó ti ń tutù. Mo yára dé e padà kí ooru tó kù lára rẹ̀ má baà jáde.

Mo ní, "Alága, ẹ dákun, mo ti yí ọkàn padà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

Ó ní, "A kì í yí ọkàn padà níbí. Àfi kí ẹ sọ fún wa ohun tó dùn nínú orin náà. Tí ẹ bá sọ ọ́, tí ẹyọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yìí sì rẹ́rìn-ín, ẹ gbé méjèèjì lọ. Tí ẹnikẹ́ni ò bá rẹ́rìn-ín, póò ni."

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà bú sọ́rọ̀. Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹlẹ́mu. Ó ní, "Ìyá yìí kẹ̀? Mo gbé nínú ilé rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ìdí ara rẹ̀ gan-an, 'ibi ìjókòó' ló ń pè é."

Mo ní, "Ìwọ àwo yìí, pa ẹnu dé, nítorí rẹ ni mo ṣe wà níbí."

Bí mo ṣe yíjú padà, iléeṣẹ́ náà ti di kíláàsì mi àtijọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ ìdáhùn sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ní òun kì í kọ ọ̀rọ̀ rírùn, ọmọ ilé ìwé míṣọ́nnárì ni òun. Mo bá fi ẹnu sọ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìlù, mo sọ̀rọ̀ nípa ohùn, mo sọ̀rọ̀ nípa àṣà àwọn òyìnbó. Akọ̀wé kan yán. Òmíràn ti ń hanrun. Ọ̀rọ̀ mi tẹ́, èmi gan-an mọ̀ ọ́n lára.

Ibẹ̀ la wà tí gòjé ńlá ara páálí yẹn fi wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tó ní tọ gìdìgbà, gìdìgbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà ló jìn." Mo ní kó kúnlẹ̀ fún pípẹ́ tó pẹ́. Kò ní orúnkún. Ó bá fara ti ògiri, ó ń dún gbì, gbì, gbì. Ẹ̀yin ìyá, ìbàdí mi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́.

Alága fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. "Àkókò ti lọ! Ẹ dáná!"

Wọ́n gbé ìkòkò irin kalẹ̀, wọ́n to igi sábẹ́ rẹ̀, Alága fúnra rẹ̀ ṣá ìṣáná. Kúlà wúkọ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún Baba Péjú bíi pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ jù sínú ìkòkò. Ojú mi bá ṣèèṣì bọ́ sára ìkarahun ìgbín ọwọ́ àwọn akọ̀wé. Mo ní, "Ẹ dúró ná! Kí ló dé tí gbogbo yín ń mu ẹ̀kọ tútù?"

Akọ̀wé kan ní, "Òní l'ọdún Òkè Ìbàdàn, mà."

Mo pàtẹ́wọ́. "Háà! Ta ló wá láyà láti dáná n'Íbàdàn lónìí?"

Ìtìjú mú iná ìṣáná náà, ó kú fúnra rẹ̀. Ìyá Ṣólá, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjẹ̀bú wá, ẹ jẹ́ kó yé yín: lọ́jọ́ Òkè Ìbàdàn, a kì í dáná, oúnjẹ tútù là ń jẹ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, a máa ń kọ orin ìdí fún tolówó tìjòyè, ẹni tí wọ́n bá sì kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí n tó di tíṣà, èmi ni mò ń lé orin ní agboolé wa. Ọjọ́ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ wọ́gọwọ̀gọ, mo fi orin bú u láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ibi tí mi ò lè dárúkọ níwájú ìyá Alàgbà tó jókòó síbí yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì ló wá béèrè ilé wa. Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀.

Mo bá ká ìró mi sókè, mo gbé e fún Alága:

*Alága gbé'dìí kalẹ̀, àga sá lọ,*
*Alága gbé'dìí kalẹ̀, àga sá lọ,*
*Àga l'óun ti ru'gi, òun ti ru'rin,*
*Ohun t'óun rí lónìí, òun ò ru ú mọ́!*

Bẹ́ǹṣì tó jókòó lé gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gba ojú fèrèsé sá lọ. Alága jókòó pàà sílẹ̀. Inú bí i. "Ìwọ obìnrin yìí! Èmi? Èmi tí mo jẹ́..." Ìwo yọ lórí rẹ̀. "Mo máa fi ọ́..." Ìrù gba ẹ̀yìn kóòtù yọ. "Mo máa... mo máa... mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó di òbúkọ pátápátá, òórùn gbalẹ̀ kan. Kò tíì pé ìṣẹ́jú tó di òbúkọ tó ti ń na imú sí ìdí àwọn akọ̀wé obìnrin, ọ̀gá tó ń dáàbò bo ọmọlúàbí!

Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ ìjọba o. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ọ̀kan gbé fáìlì wá kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ó sú mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé kúlà lé itan. Ó ti tutù tán. Mi ò tún ṣe tíṣà mọ́, mo kàn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ọkọ mi sin àbúrò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì bá a sọ̀rọ̀, èmi gan-an wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ Àkàndé kì í ṣe ẹni ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò kúrò nílé obìnrin kan rí láìgbàgbé nǹkan: fìlà, bàtà, eyín àtọwọ́dá lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ló máa ń bá a lọ gbà á. Nígbà tó gbọ́ pé òkú kan dìde, ó ń wá ṣòkòtò kiri, ó mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa là ń dọ̀bálẹ̀ fún ikú. Àwọn wèrè mẹ́rin yẹn lọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, wọ́n já ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ní, 'Ẹ wá wo ìdí ikú, kò tilẹ̀ tó nǹkan!'"

Lẹ́yìn náà, akọ̀wé àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn pátápátá ní, "Eyín àtọwọ́dá?" Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kọ gba imú rẹ̀ jáde. Ó ran ẹni kejì, ó ran ẹni kẹta, òbúkọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kúlà ta ìdérí rẹ̀ dànù. Ẹ̀rín tú jáde, ó gbóná, ó kún kíláàsì, okùn ìsáṣọ já, iléeṣẹ́ gbéra lọ sọ́nà Ọ̀yọ́, mo sì já bọ́ láti òkè Mápó.

Ìdí ni mo fi balẹ̀. Mo lajú, ilẹ̀ pálọ̀ wa ni mo wà, àga gígùn ti sún kúrò lábẹ́ mi, ó dúró sí ìhà ògiri lọ́hùn-ún. Baba Péjú rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè dúró dáadáa. Orin ni mo ń kọ lójú oorun, ẹ̀yin ìyá. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

Ó fi ìka tọ́ka sí àga náà, ó ní, "Àyọ̀ká... àga... àga sá lọ!"

Ó fẹ́ fà mí dìde, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lágbára, ló bá ṣubú jókòó tì mí. Ibẹ̀ la wà nílẹ̀, àgbàlagbà méjì, à ń gbá ara wa nítan. Nígbà tí mo rí èémí mí, mo ní, "Baba Péjú, ẹ lọ gbé òkú yẹn dìde kó máa kọrin."

Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí. "Sọ́ńdè ńkọ́, Ìyá Ìjọ?"

Mo ní kí Sọ́ńdè wá bá wa nílé.