Okùn Oníkókó Mẹ́jọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Fàsásì ti ń lọ pẹja lórí ọ̀sà nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹja pípa kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo kọ́ àwọn ọmọ. Fàsásì ń ta gbànja ní Ṣàgámù gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti ṣe tà á. Ìgbádùn lásán ni a ń wá lọ. Láti oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Kejì, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a máa ń wa ọkọ̀ kékeré kan jáde láti wá kúta. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, omi odò máa ń fà sẹ́yìn, omi iyọ̀ a sì ti inú òkun wọ inú ọ̀sà. Kúta, ẹja gígùn tí eyín rẹ̀ mú bí abẹ, a máa tẹ̀lé omi iyọ̀ náà wọlé. Àlàyé tí mo máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá bi wá léèrè nìyẹn. Ti Fàsásì kúrú jù ú lọ: "Ìyàwó Tíṣà kì í fẹ́ rí i nílé lọ́jọ́ Sátidé."

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí ojú Fàsásì gbé. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí yóò fi dé, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni ó kù tí Fàsásì ń fi ojú mọ̀. Nínú ìsọ̀ rẹ̀, èyí kò dí i lọ́wọ́ púpọ̀. Ìka ni ó ti fi ń ṣa obì láti kékeré: ó máa ń ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, lábẹ́ ewé, yóò sì mú èyí tí kòkòrò ti lu jáde kí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere tó rí ihò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀sà, ó ní ó tán.

"Ọkọ̀ kì í ṣe ìsọ̀, Tíṣà. Kí n jókòó síbẹ̀ bí àpò gaàrí, kí ìwọ máa pẹja, kí o sì máa ṣàánú mi? Rárá o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a jiyàn. Mo ní ìwọ̀ kì í dúró sí ojú omi. Ìsàlẹ̀ ni ó wà, níbi tí èmi tí mo ríran kò lè rí i. Mo ní ìka ni ó ń sọ fún ènìyàn pé ẹja ti dé, ìka rẹ̀ sì sàn ju tèmi lọ. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà.

"Sátidé kan ṣoṣo. Bí mo bá lè mú ẹja fúnra mi, a ó máa lọ. Bí n kò bá lè mú un, kí o ta ọkọ̀ náà, kí o má sì pe orúkọ ọ̀sà sí mi létí mọ́."

Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jáwọ́: n óò máa gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, n óò béèrè bí ara ṣe le sí, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ tí ó bá ti di ẹni tí a ń bẹ̀ wò, ọ̀tọ̀ ni irú ọ̀rẹ́ tí ó kù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, mo wa mọ́tò mi dé Ṣàgámù lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Hàmdálátù, ọmọbìnrin rẹ̀, ti dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsì tíì àti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

"Bàbá Ìkẹ́nnẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé wọ́n wọ ẹ̀wù yìí. Bí wọ́n bá ní ó ń mú àwọn lóoru, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Fàsásì wí láti inú mọ́tò, "ojú ni mo fọ́, n kò dití."

Hàmdálátù tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn mọ́tò, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń ta kókó sára okùn ìwọ̀ wọn. Ibi tí apá wọn méjèèjì bá gùn dé, kókó kan, kí wọ́n lè máa fi ọwọ́ mọ bí okùn ṣe lọ jìnnà tó. Mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u, tí wọ́n tún un ta." Ó wo ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan mú o. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mo ṣèlérí. N kò ronú sí bí mo ṣe fẹ́ mú ìlérí náà ṣẹ.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, ó ní kí n tún sọ ti ẹja Kánádà fún òun. Ó ti mọ ìtàn náà jù mí lọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí Morónkẹ́ ọmọ mi àti Ayọ̀délé ọkọ rẹ̀ ní ìlú etíkun kan ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Nínú oṣù Kínní, Ayọ̀délé gbé mi sínú ọkọ̀ kékeré, a lọ pa ẹja sámọ́nì. Mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ méjì. Yìnyín wà lórí òkè tí ó yí òkun ká, èémí wa ń rú bí èéfín. Títí di ọ̀sán, a kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni sámọ́nì kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ mi gbé ìjẹ mì, mo sì fà á wọlé. Àwòrán rẹ̀ wà nínú fóònù mi.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún Fàsásì rí. Ìjẹ ọ̀pá ìwọ̀ Ayọ̀délé ni ẹja náà gbé mì. Òun ni ó mú un, nígbà tí ìwọ̀ ti kọ́ ọ lẹ́nu dáadáa ni ó gbé ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́, tí ó kígbe pé, "Dádì, ẹ fà á! Ẹja yín ni!" Mo fà á. Inú mi dùn gan-an ni. Mo sì wá ń rò ó bí mo ti ń wakọ̀ lọ pé, bí irú oore bẹ́ẹ̀ bá dára fún èmi, kò lè burú fún ẹlòmíràn.

Àgbàlá Ìyá Rasheedat, tí ń yan ẹja ní etí ọ̀sà, ni a máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi wa sí. Ó ti ń fẹ́ná nígbà tí a dé.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin akọ̀wé! Àwọn tí ń fi epo ọ̀nà jíjìn wá ẹja tí kò tó ìpápánu ológbò!"

"Ìyá Rasheedat," ni Fàsásì dáhùn, "mo gbọ́ pé o ti túbọ̀ lẹ́wà. Èmi kò rí i o. Àwọn ènìyàn ni wọ́n sọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sún mọ́ ọn, ó sì di apá rẹ̀ mú dé ẹ̀bá omi. Mo rí i tí ó nu ojú lẹ́yìn náà. Bóyá èéfín ni.

Mo wa ọkọ̀ jáde. Ọyẹ́ ti bo ọ̀sà débi pé n kò rí etí omi kejì, n kò sì rí àwọn ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Fàsásì béèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Funfun ni gbogbo rẹ̀."

"A ti dọ́gba nìyẹn."

Mo ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbi tí a mọ̀. Okùn ọwọ́ ni a lò, àwa méjèèjì, láìsí ọ̀pá. Mo ti pinnu pé kò yẹ kí èmi lo ohun tí òun kò lò. Ó fi ẹja ẹfọ̀lọ̀ kékeré sẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jù ú, ó sì ń jẹ́ kí okùn náà gba àárín ìka rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Wákàtí méjì kọjá. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọyẹ́ náà. Èjìká Fàsásì ti rọ̀. Ìgbà náà ni okùn tèmi fà.

Kí n sọ òtítọ́: n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ́ kí ìwọ̀ náà kọ́ ẹja náà, mo sì sọ pé, "Fàsásì, okùn wa ti lọ́ mọ́ra. Jẹ́ kí n tú u." Mo gba tirẹ̀, mo fi kọ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo sì fi tèmi sí i lọ́wọ́.

"Ó ń fà!" ni ó kígbe. "Tíṣà, ó ń fà mí!"

"Fà á! Má jẹ́ kí ó dẹ̀!"

Ó fà á. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń pe Ọlọ́run, fìlà rẹ̀ sì jábọ́. Kúta tí kò tóbi, tí kò sì kéré, wọlé, ó ń na ìrù mọ́ pákó. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Kò tán! Ta ni ó sọ pé ó tán?"

Fàsásì tẹ̀ba, ó mú okùn tí ó ṣù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fà á gba àárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ kọjá, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe sí obì.

"Tíṣà."

"Hẹ́n."

"Kókó mélòó ni mo ta sára okùn mi?"

"Mẹ́jọ."

"Wá bá mi wá wọn."

Okùn tèmi kò ní kókó kankan. Mo ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń wọn nǹkan. Hàmdálátù sì ti sọ ọ̀rọ̀ kókó náà fún mi ní òwúrọ̀ yẹn gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí àánú gbé mi, mo hùwà bí ẹni pé ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ kò ní ọwọ́ mọ́.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kánádà nìyẹn?" Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ṣe, ẹ̀fẹ̀ kíkorò, ṣùgbọ́n n kò lè pa irọ́ kejì lé èkíní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ayọ̀délé ni ó mú sámọ́nì yẹn. Ó kàn gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́ ni."

"Háà! Ẹja tí mo ti ròyìn ká gbogbo ọjà gbànja! Mo na apá títí, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀!"

"Má bínú."

"Ṣé ó dùn mọ́ ọ?"

"Ó dùn mọ́ mi títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ń sọ ìtàn náà, mo máa ń fo ibẹ̀."

"O wá fẹ́ kí èmi náà máa fo ibẹ̀." Ó ká okùn mi, ó sì nà án sí mi. "Wa ọkọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Mo di okùn ìdákọ̀ró mú, ṣùgbọ́n n kò fà á. "Fàsásì, gbọ́. Àdéhùn wa ni pé a ó dán an wò bóyá o lè mú ẹja fúnra rẹ. A kò tíì dán an wò. Èmi ni mo bà á jẹ́. Bí olùkọ́ bá bá ọmọ kọ ìdáhùn ìdánwò, a kì í sọ pé ọmọ náà fìdí rẹmi. A máa ń tún ìdánwò náà ṣe ni, a sì máa ń lé olùkọ́ jáde."

"Ibo ni n óò lé ọ sí lórí omi?"

"Ibi tí o bá fẹ́."

Ó rò ó. "Fún mi ní okùn mi. Kí o kó ọwọ́ rẹ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ. Jókòó lé wọn. Bí mo bá gbọ́ pé o mira, ilé yá."

Báyìí ni èmi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ṣe jókòó lé ọwọ́ mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Itan mi kú. Eṣinṣin bà lé mi nímú, mo fi í sílẹ̀. Fàsásì tún ìjẹ rẹ̀ ṣe, ìwọ̀ gún un ní ìka, ó fi ìka náà sẹ́nu, mo sì wo ibòmíràn. Oòrùn ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ti dé orí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lójijì.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ń tọ́ ọ wò."

Ó dúró. Ó dúró pẹ́ ju bí èmi ì bá ti dúró lọ. Lẹ́yìn náà ni ó fà, okùn náà sì le gbagidi, ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mẹ́jọ," ni ó ń kà bí kókó ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. "Méje. Mẹ́fà. Ó tún gbà á! Méje. Ìwọ ẹja yìí! Mẹ́fà. Márùn-ún. Mẹ́rin. Mẹ́ta."

Ẹja náà fò jáde ní ojú omi. Mo rí i tán: ó gùn, ó ń dán, omi ń ta kúrò lára rẹ̀. Mo túbọ̀ fi itan tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.

"Kí ni yẹn? Sọ̀rọ̀!"

"Kúta ni! Ó fò!"

Lẹ́yìn náà ni okùn dẹ̀. Fàsásì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Omi pa dé, ó sì parọ́rọ́. N kò lè wò ó lójú. Ìdánwò ti parí, kò sì sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ tí ó lè pè ní tirẹ̀.

Ó fa okùn náà wọlé, kókó méjì, kókó kan, títí ó fi kan òpin rẹ̀. Ìwọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi ìka yẹ ibi tí ó gé sí wò.

"Ìwọ lo gé e?"

"Ọwọ́ mi wà lábẹ́ itan mi."

"Eyín ni," ni ó wí. "Ó gé e lókè wáyà tí mo so mọ́ ìwọ̀." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í, ní ikùn ní àkọ́kọ́, kí ó tó dé ẹnu. "Tíṣà, ìwọ tí o fẹ́ràn iyàn. Ẹnìkan lè fún mi ní ẹja tí òun pa. Ṣé ẹnìkan lè bá mi sọ ẹja nù?"

"Kò ṣeé ṣe," ni mo wí.

"Tèmi ni. Èmi ni mo mú un, èmi ni mo sọ ọ́ nù." Ó wá fìlà rẹ̀ rí ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó gbọn omi rẹ̀ dànù. "Báwo ni ó ṣe tóbi tó? Wò ó dáadáa kí o tó dáhùn o."

Ó wù mí láti bù sí i. "Ó gùn tó apá mi, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dára. Lọ́jà, èmi fúnra mi ni n óò fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un." Ó jókòó dáadáa, ó kọ ojú sí ibi tí oòrùn ti ń ràn. "Sátidé tí ń bọ̀, kí o tètè dé. Lónìí, o fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́."